Ìlépa Asáré Afẹ́ fún Sáà Tó Ń Bọ̀

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sáà eré ìje alùpùpù láàárín àwọn ẹgbẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹta, a sì parí nínú oṣù Kẹwàá. Ìgbà òtútù tó wà láàárín méjèèjì ni asáré afẹ́ fi ń gbèrò. Asáré afẹ́ ni ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ ra táyà, tó ń fi owó ara rẹ̀ forúkọ sílẹ̀, tó sì ń tiro dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Kò sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀ fún un. Ìyá òǹkọ̀wé yìí, tó wà n'Íbàdàn, ti béèrè títí pé irú ọ̀kadà wo lèèyàn ń sanwó kó tó gùn, tí kì í gbé èrò, tí kì í sì í débì kankan. A kò tíì rí èsì tó tẹ́ màmá lọ́rùn.

Ìwé àṣẹ ni ìbẹ̀rẹ̀. Auto-Cycle Union, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1903, ló ń fún èèyàn ní èyí lẹ́yìn ẹ̀kọ́ àti ìdánwò. Ẹni tó bá ti gbà á lè bá ẹgbẹ́ bíi British Motorcycle Racing Club, tó ti wà láti 1909, sáré. Àmọ́ ẹni tuntun gbọ́dọ̀ wọ fẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ ọsàn lé aṣọ awọ rẹ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀ pé ohunkóhun lè tọwọ́ ẹni yìí wá. Ìlépa àkọ́kọ́ fún gbogbo wọn ni láti bọ́ fẹ́ẹ̀sì náà, kò sì ṣeé bọ́ àfi tí wọ́n bá ti parí iye ìdíje tí òfin là sílẹ̀. Òǹkọ̀wé yìí (èmi náà ni, ojú ló ń tì mí) kọ ọ́ sára fírìjì rẹ̀ pé oṣù Karùn-ún kò ní í bá fẹ́ẹ̀sì lọ́rùn òun. Fẹ́ẹ̀sì ọ̀hún ti ṣá kó tó bọ́.

Ìlépa kejì jẹ mọ́ àkókò. Brands Hatch, pápá eré ìje kan ní Kent, ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń wọn ara wọn. Ojú ọ̀nà kúkúrú tó wà níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Indy, fi díẹ̀ ju máìlì kan àti ìdá márùn-ún lọ. Àwọn tó ń fi eré ìje jẹun máa ń yí i po láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 45. Asáré afẹ́ tuntun ní tirẹ̀ ń wá bí òun ṣe máa yí i po kí ìṣẹ́jú kan tó pé, èyí tó túmọ̀ sí eré tó ju kìlómítà 116 lọ ní wákàtí kan, pẹ̀lú gbogbo kọ́nà tó wà níbẹ̀. Àkókò dára ní ìlépa ju ipò lọ. Ẹni tó ní ipò kẹwàá lòun ń wá ti gbé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lé àwọn tí kò mọ̀ rí lọ́wọ́. Òjò rọ̀ nígbà kan, òǹkọ̀wé yìí gòkè dáadáa láìya ẹnikẹ́ni sílẹ̀, nítorí pé àwọn tó wà níwájú rẹ̀ ń ṣubú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sì jó nígbà tó délé.

Ibi tí àkókò ti ń ṣòfò jù ni kọ́nà. Ní Indy, lẹ́yìn Paddock Hill Bend, tó yà sọ́tùn-ún tó sì ń dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀, ọ̀nà á tún gòkè lọ sí Druids, kọ́nà híhá tó tún yà sọ́tùn-ún, kó tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Graham Hill Bend lọ́wọ́ òsì. Lórí alùpùpù lásán, èèyàn ń tẹ jíà mọ́lẹ̀ láti dín in kù ni, ó sì ń fi ẹsẹ̀ gbé e sókè láti fi kún un. Ọ̀pọ̀ asáré máa ń yí èyí padà, nítorí pé bí alùpùpù bá ti tẹ̀ sápá òsì gidigidi, kò sí àyè láti ki ẹsẹ̀ bọ abẹ́ jíà. Òǹkọ̀wé yìí yí tirẹ̀ padà nígbà òtútù, kò sì gùn ún mọ́ títí di ọjọ́ ìdíje. Nígbà tó ń gòkè Druids, ó tẹ bíréèkì, ó tẹ jíà mọ́lẹ̀ bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì gbọ́ ìròyìn. Dípò kí jíà wálẹ̀, ńṣe ló lọ sókè. Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́ bíi mólúè tó kún fọ́fọ́ lórí afárá. Gbogbo wọn ló yà á sílẹ̀. Ọ̀kan tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn wò ó.

Ìlépa mìíràn wà tí kì í dé ojú ọ̀nà rárá kó tó kú: ìyẹn láti la àyẹ̀wò kọjá. Wọ́n ní láti fi wáyà tín-ín-rín de nọ́ọ̀tì tó dé ihò ọ́ìlì, kí gbígbọ̀n má bàa tú u. Ohun tó lè gba ọ́ìlì dúró gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Omi lásán ló sì gbọ́dọ̀ wà nínú rèdíétọ̀, nítorí pé kúláǹtì máa ń yọ̀. Bí alùpùpù kan bá ṣubú tó sì dà á sílẹ̀, ó lè gbé àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ṣubú. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé omi lásán máa ń dì nígbà òtútù, ó sì lè la ẹ́ńjìnnì. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọlọ́gbọ́n fi ń bu kúláǹtì sí i lóṣù Kọkànlá, tí wọ́n á sì dà á nù kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Òǹkọ̀wé yìí kọ èyí náà sára fírìjì, ṣùgbọ́n káàdì ìpè sí ìgbéyàwó kan bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀gá alàyẹ̀wò ṣí rèdíétọ̀, ó ki ìka bọ̀ ọ́, ìka jáde láwọ̀ ewé. Nígbà tí àwọn yòókù fi ń sáré ìdánrawò, òǹkọ̀wé wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, ó ń da kúláǹtì sínú abọ́ tí wọ́n fi gbé ìrẹsì wá. Bọ̀dá kan tó bá a wá wòran láti Peckham dúró tì í.

“Àbúrò, ṣé eré náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn?”

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá mi di abọ́ yẹn mú.”

Ọ̀rọ̀ ìwúwo kò gba àlàyé púpọ̀. Alùpùpù Suzuki SV650 pọ̀ láàárín àwọn tí owó wọn kò tó nǹkan, òfin ìsọ̀rí wọn kì í sì í jẹ́ kí wọ́n tún ẹ́ńjìnnì ṣe lọ títí. Nítorí náà, ikùn ẹni tó gùn ún ló rọrùn jù láti dín kù, kò sì náni tó sàlẹ́ńsà oní-titanium. Àmọ́ Kérésìmesì wà nínú ìgbà òtútù, òde àríyá wà níbẹ̀, iyán náà kò gbẹ́yìn. Nínú oṣù Kẹta, síìpù aṣọ awọ òǹkọ̀wé dúró sí ìdodo, ó ní òun kò lọ mọ́. Èèyàn méjì ló bá a fà á.

Ìlépa tó jìnnà náà wà. Cadwell Park, ní Lincolnshire, ní òkè kan tí wọ́n ń pè ní The Mountain, níbi tí táyà méjèèjì ti máa ń kúrò nílẹ̀. Fọ́tò ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fẹ́ gbé kọ́ sára ògiri. Àwọn mìíràn ń lá àlá ìdíje Manx Grand Prix ní Isle of Man. Àwọn asáré afẹ́ gan-an ni wọ́n torí wọn dá a sílẹ̀ ní 1923, àmọ́ àríyànjiyàn lórí ẹni tí a lè pè ní asáré afẹ́ wà lára ohun tó mú kí wọ́n pa orúkọ rẹ̀ dà ní 1930. Ìyípo kan níbẹ̀ jẹ́ máìlì 37.73, láàárín ilé, ògiri àti òpó iná. Kò yẹ kí ẹni tó gbàgbé rèdíétọ̀ máa ronú ibẹ̀.

Fún sáà tó ń bọ̀, òǹkọ̀wé yìí ń lépa kí ìyípo kan ní Indy má tó ìṣẹ́jú kan. Jíà rẹ̀ ṣì wà ní yíyí padà. Lálaalẹ́ ló ń jókòó sórí alùpùpù nínú gáréèjì pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì ní pípa, tó ń fi ẹsẹ̀ gbé jíà sókè láti dín in kù. Ó ti da kúláǹtì nù, ó ti bu omi sí i. Oṣù Kejì la ṣì wà o, òtútù kò sì tíì lọ.