Ìwádìí Ìjìnlẹ̀ Lórí Bí Ọ̀gá Ọkọ̀ Ojú Sánmà Ṣe Di Akọ̀wé Epo

Ìbéèrè tí ìwé yìí fẹ́ dáhùn, kò tíì sẹ́ni tó bi wá. Ìyẹn ò dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Ká ní àwọn onímọ̀ ń dúró de ẹni tó máa béèrè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ni, ọ̀pọ̀ yàrá ìkàwé ì bá ti di ibi tí wọ́n ń sá ẹ̀gẹ́. Ìbéèrè ọ̀hún nìyí: bí gbajúmọ̀ inú tẹlifíṣọ̀n bá kó wọ inú kọ̀ǹpútà ilé, ìyẹn kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí fóònù tó ti fọ́ lójú ju ú lọ lágbára, iṣẹ́ wo ló máa rí ṣe níbẹ̀?

Ìdáhùn wa ni Òfin Ìpààrọ̀ Iṣẹ́. Òfin náà sọ pé kò sẹ́ni tó ti inú tẹlifíṣọ̀n bọ́ sínú kọ̀ǹpútà tó tún ń ṣe iṣẹ́ tí a mọ̀ ọ́n mọ́. Akọni á di akọ̀wé, ọlọ́gbọ́n á di ọ̀pọ̀lọ́, ajá á di nǹkan mìíràn tí a máa dárúkọ níwájú. Eré àròsọ sáyẹ́ǹsì nìkan la ti fi dán an wò. A kò tíì dé orí eré ìfẹ́.

Star Trek ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Gene Roddenberry ló dá eré náà sílẹ̀. Iléeṣẹ́ NBC ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án 1966, ó sì parí ní 1969 lẹ́yìn apá 79. Ẹni tó bá wo gbogbo rẹ̀ tán (ìgbìmọ̀ ìwádìí, tó jẹ́ èmi nìkan, sùn lọ lẹ́ẹ̀mejì) á rí i pé ohun mẹ́ta ni James Kirk, ọ̀gá ọkọ̀ Enterprise, ń ṣe: ó ń jókòó sórí àga ńlá, ó ń jà títí ẹ̀wù rẹ̀ á fi fàya, ó sì ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́ sí obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé. Epo ọkọ̀ kò kàn án. Scott, ọ̀gá ẹnjiníà, ló ń ké gbàjarè lórí ìyẹn nísàlẹ̀ ọkọ̀.

Ní 1971, ọmọ ilé ìwé girama kan ní Kalifọ́níà tó ń jẹ́ Mike Mayfield rí ọ̀nà dé ìdí kọ̀ǹpútà SDS Sigma 7 tó wà ní yunifásítì ìlú Irvine. Ó fẹ́ kí Enterprise fò nínú rẹ̀. Lásìkò yẹn, tẹlitáìpù ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀: ẹ̀rọ tó ń tẹ lẹ́tà sórí bébà, lẹ́tà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, pẹ̀lú ariwo bí ti ẹni tó ń pa ẹ̀kùrọ́. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò lè ya ojú Kirk. Kò lè ya ẹ̀wù tó fàya. Àmọ́ ní kó yọ 18 kúrò nínú 3000, kò ní jẹ́ kó o sọ ọ́ tán. Ojú èèyàn, tí tẹlifíṣọ̀n mọ̀ ọ́n fi hàn, kọ̀ǹpútà ìgbà náà kò mọ̀ ọ́n. Àyọkúrò, tí kọ̀ǹpútà mọ̀ bí ẹní mowó, kò sẹ́ni tó máa jókòó wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí Kirk wá dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀wù yẹ̀, ìfẹ́ yẹ̀, epo ló kù.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Mayfield ra ẹ̀rọ ìṣírò HP-35, tí iye rẹ̀ jẹ́ dọ́là 395. Nígbà tó yà sí ọ́fíìsì Hewlett-Packard, iléeṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà, tó wà nítòsí, wọ́n ní kó wá máa lo kọ̀ǹpútà àwọn, bó bá lè tún géèmù náà kọ ní èdè BASIC tiwọn. Ẹ kíyè sí i: ẹ̀rọ ìṣírò ló gbé e débẹ̀. Àwa kò sọ pé ẹ̀rí nìyẹn. A kàn kọ ọ́ sílẹ̀ bí nọ́ọ̀sì ṣe ń kọ ìgbóná ara sílẹ̀.

Láti ibẹ̀ ni géèmù náà ti ràn bí iná ọyẹ́. David Ahl tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé kan ní 1973; Bob Leedom tún un ṣe ní 1974, ó sì di Super Star Trek; nígbà tó di 1978, Ahl kó èyí sínú BASIC Computer Games, ìwé kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tó tà ju mílíọ̀nù kan lọ. Àsìkò náà gan-an ni kọ̀ǹpútà ń wọ pálọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà: Apple II, TRS-80, Commodore PET. Ẹni tó bá fẹ́ géèmù inú ìwé yìí á ṣí i sórí itan, á máa fi ìka méjì tẹ ìlà tó lé ní 400 sínú kọ̀ǹpútà, bó bá sì gbàgbé kọ́mà kan, Enterprise lè má gbéra. Òfin wa kò mọ sórí Kirk nìkan, bí ẹ ti rí i: kí ọ̀gá ọkọ̀ tó di akọ̀wé, onílé ti di táípíìsì.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú géèmù náà. Gbogbo agbo ìràwọ̀ pín sí àdúgbò 64, mẹ́jọ ní ìbú, mẹ́jọ ní òòró. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan pín sí ojúlé 64. Ó já sí ojúlé 4096, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ló ṣófo. Bí ọkọ̀ bá wo ọ̀nà jíjìn, ẹ̀rọ á tẹ nọ́ńbà mẹ́ta fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan: àkọ́kọ́ ni iye ọkọ̀ àwọn Klingon, ìyẹn àwọn ọ̀tá, èkejì ni iye ibùdó wa, ẹ̀kẹta ni iye ìràwọ̀. 207 túmọ̀ sí ọ̀tá méjì, kò sí ibùdó, ìràwọ̀ méje. Nínú tẹlifíṣọ̀n, Klingon ń bínú, ó ń gbéraga, ó ń rẹ́rìn-ín ìkà. Nínú kọ̀ǹpútà, ó jẹ́ 2. Tí a bá sún mọ́ ọn, ó di +K+, Enterprise fúnra rẹ̀ sì jẹ́ <*>, àmì tí ọmọdé lè ṣèèṣì tẹ̀ bó bá jókòó lé kíbọ́ọ̀dù.

Àdúgbò 64 náà ní orúkọ, ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ jẹ́ orúkọ ìràwọ̀ gidi: Antares, Rigel, Vega, Sirius, Betelgeuse àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ náà jẹ́ 16, wọ́n sì pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin. Mo mọ ohun tí àwọn òǹkàwé kan ń rò báyìí. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀. 16 lọ́nà mẹ́rin ni 64, gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn. Bí mo bá fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ọ̀hún, ilẹ̀ á mọ́ bá wa níbẹ̀.

Epo ló ṣe pàtàkì jù. Ọkọ̀ gbéra pẹ̀lú 3000 àti tọ̀pídò mẹ́wàá. Láti àdúgbò kan sí èkejì, 18. Asà tó ń dáàbò bo ọkọ̀, inú 3000 kan náà ló ti máa jáde. Ìbọn iná tí wọ́n ń pè ní phaser, inú rẹ̀ náà ni. Ẹni tó bá ti fi owó oṣù kan san owó ilé, owó ilé ìwé ọmọ àti epo jẹnẹrétọ̀ rí kò nílò ẹ̀kọ́ kankan kó tó ta géèmù yìí. Bó bá ṣi ìṣírò ṣe, tí epo tán sáàárín ìràwọ̀, ẹ̀rọ á sọ fún un láìfi bò pé ó ti há ọkọ̀ mọ́ ojú òfurufú. Ọjọ́ pẹ̀lú níye. Bó bá pé tí +K+ kan ṣoṣo ṣì kù, iṣẹ́ bàjẹ́. Ibì kan ṣoṣo ni ìtura wà: kí ọkọ̀ lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó, kí wọ́n bu epo sí i. Ilé epo ni. Kirk, akọni ojú sánmà, ń tò níbi ilé epo.

Ọkọ̀ tó kó èèyàn tó lé ní 400 nínú tẹlifíṣọ̀n wá ku èèyàn díẹ̀, iṣẹ́ wọn sì ti di ọ̀kan náà: kí wọ́n máa dá ìwé padà. Bí o bá fún ọkọ̀ ní eré tó pọ̀ jù, Scott á ní ẹ̀rọ kò gbà á. Bí o bá ṣi ojú ọ̀nà kọ, Sulu á ní kò tọ̀nà. Bó bá jẹ́ ojú ọ̀nà tọ̀pídò lo ṣì kọ, Chekov ló máa dá a padà, torí ẹ̀ka tirẹ̀ nìyẹn. Spock, tí làákàyè rẹ̀ ń já okùn ìṣòro gbogbo lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wá di ẹni tó ń jíṣẹ́ pé kò sí ọ̀tá ládùúgbò yìí. Èyí tó dùn mí jù ni ti Uhura. Inú èdè Swahili ni orúkọ rẹ̀ ti jáde, láti ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí òmìnira. Nínú géèmù, òun gan-an ni wọ́n fi jíṣẹ́ pé olú iléeṣẹ́ kò fọwọ́ sí i kí ọkọ̀ kọjá ẹnubodè agbo ìràwọ̀, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì.

Ọ̀nà ìwádìí wa rọrùn: mo jókòó, mo ta á. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, mo yin tọ̀pídò sí Klingon kan, mo sì ṣi ojú ọ̀nà kọ (nínú géèmù yìí, 1 ni apá ọ̀tún, 3 ni òkè, 5 ni apá òsì, 7 ni ìsàlẹ̀, mo fi òkè pe òsì). Ibùdó wa ló bá. Ibùdó náà ló sì kù ṣoṣo. Kò sí ẹlẹ́rìí, kò sí agbẹjọ́rò: wọ́n yọ mí nípò lójú ẹsẹ̀, wọ́n rán mi lọ ṣe iṣẹ́ àṣekára fún ọjọ́ 99 ní Cygnus 12. Mo ka èyí sí ẹ̀rí pàtàkì, torí ó fi hàn pé olùwádìí fúnra rẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ òfin náà.

Ẹni tó ṣẹ́gun pàápàá kò bọ́. Kò sí ìlù, kò sí ijó. Máàkì ni wọ́n ń fún un: ẹ̀rọ á fi iye ọjọ́ tó lò pín iye Klingon, á fi ìdáhùn náà lọ́pọ̀ ara rẹ̀, á tún fi 1000 lọ́pọ̀ rẹ̀. Ìwọ̀n bó ṣe jáfáfá sí lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n pè é. Ẹni tó gba gbogbo agbo ìràwọ̀ là, fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò òṣìṣẹ́ ọdọọdún ni wọ́n fi pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì.

Àwọn kan lè ní ti Amẹ́ríkà nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká sọdá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí baba kan náà ti bí eré tẹlifíṣọ̀n tó sì fún kọ̀ǹpútà lórúkọ. Ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá 1963 ni BBC bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Doctor Who jáde. Ní oṣù Kejìlá 1981, iléeṣẹ́ Acorn ní Cambridge gbé BBC Micro síta. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó lè ṣàwáwí pé ilé kọ̀ǹpútà kò mọ ẹni tí Dókítà í ṣe. Arìnrìn-àjò inú àkókò ni, àgbà tó ti lo ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún láyé, tó kórìíra ìbọn, tó ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu borí ọ̀tá. Ní 1983, Doctor Who: The First Adventure dé sórí BBC Micro. Nínú rẹ̀, àgbà yìí ń sáré nínú ọ̀nà tóóró tó lọ́ mọ́ra bíi ti Pac-Man, ó ń wá ọ̀nà àtikọjá bí ọ̀pọ̀lọ́ inú Frogger, lẹ́yìn náà ó ń yìnbọn sí ẹranko abìyẹ́ tó ń já bọ̀ lókè. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ gbólóhùn kan.

Ọ̀rọ̀ ẹnu padà wá ní 1985, ó sì wá lápọ̀jù: Graham Williams, ẹni tó ti jẹ́ olóòtú eré náà rí ní tẹlifíṣọ̀n, kọ Doctor Who and the Warlord, géèmù tó jẹ́ kìkì ọ̀rọ̀. Ọdún kan náà ni Micro Power gbé Doctor Who and the Mines of Terror jáde. Kí ẹni tó ra ti BBC Micro tó lè ta á, ó ní láti tú kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó ki ṣíìpù kan bọ inú rẹ̀. Onílé tún ti di oníṣẹ́ iná nìyẹn. Ibẹ̀ la ti pàdé ẹ̀rí tó lágbára jù. Láti 1977 làwọn òǹwòran ti mọ ajá onírin Dókítà, K9. Nínú ihò ìwakùsà yìí, ológbò onírin ló ń tẹ̀ lé e: Splinx. Ẹni tó bá ní òfin wa kò lè dé orí ẹranko, kó pe ajá náà wá jẹ́rìí.

Ní 1992, Dalek Attack jáde. Dókítà tó kórìíra ìbọn ń yìnbọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A kò ní ohun tí a fẹ́ fi kún un.

Àríwísí kan wà tó yẹ ká dáhùn. Wọ́n ní bí kọ̀ǹpútà bá ti lè ya àwòrán, òfin wa ti kú. Ó dáa. Doug Neubauer kọ Star Raiders fún Atari 400 àti 800, géèmù tó kẹ́kọ̀ọ́ lára àwọn géèmù Star Trek wọ̀nyí. Níbẹ̀, ìràwọ̀ ń sáré bọ̀ lójú ẹni, ọ̀tá ń bú gbàmù, àwọ̀ sì wà. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá parí, ẹ̀rọ á fún awakọ̀ ní ipò. Ẹni tó ṣe dáadáa lè di ọ̀gágun àgbà. Ẹni tí kò ṣe dáadáa, wọ́n á sọ ọ́ di ọ̀gá ọkọ̀ akódọ̀tí, tàbí alásè ojú sánmà. Àríwísí náà kú síbẹ̀. (Alásè ni wọ́n fi mí jẹ. Mi ò tíì sọ fún wọn nílé.)

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, ti àmì ohùn. Nínú Super Star Trek, bí ọjọ́ bá pé mọ́ ọ lọ́wọ́ tí ibùdó ṣì kù, ẹ̀rọ kì í lé ọ lọ tààrà. Á ní wọ́n ń wá ọ̀gá ọkọ̀ tuntun fún irú iṣẹ́ kan náà. Bí ẹnì kan bá fẹ́ yọ̀ǹda ara rẹ̀, kó bọ́ síwájú, kó tẹ lẹ́tà mẹ́ta: AYE. Ohun tí àwọn atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni nìyẹn. Àmọ́ ẹ̀rọ náà kò mọ àmì ohùn, kò sì sẹ́ni tó lè ní ká má kà á bí a ṣe mọ̀ ọ́n kà. Bó bá jẹ́ ayé ni, á jẹ́ pé gbogbo ayé ẹni ni wọ́n fẹ́ gbà kí wọ́n tó bu epo 3000 fúnni. Bó bá jẹ́ àyè ni, ipò tó ṣófo ni wọ́n ń kéde, ìyẹn sì bá ọ̀rọ̀ ìgbanisíṣẹ́ mu. Èkejì ni mo fara mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò rí ẹ̀rí fi gbè é. Mo tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì ní nǹkan bí aago méjì òru. Epo padà di 3000, Sulu sì dá ìwé mi àkọ́kọ́ padà.