Abẹ̀bẹ̀ Tí Kò Bẹ Oòrùn

Abẹ̀bẹ̀ ní í bẹ ikú, abẹ̀bẹ̀ ní í bẹ ọ̀ràn. Bí oòrùn bá mú, abẹ̀bẹ̀ ní í bẹ̀ ẹ́. Ẹni tó pa òwe yìí kò dé ààfin Versailles nílẹ̀ Faransé rí. Ká ní ó débẹ̀ láyé Olorì Marie Antoinette ni, ì bá rí abẹ̀bẹ̀ tí òun àti oòrùn kò jọ pàdé rí.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀kan wò dáadáa. Eyín erin ni ọ̀pá rẹ̀, wọ́n fín in títí ó fi dà bíi léèsì. Awọ ẹran tí wọ́n fá títí ó fi fẹ́lẹ́ ni wọ́n nà sórí rẹ̀ kí ayàwòrán tó fi ọ̀dà sí i. Àwòrán kí ni? Àwọn ọlọ́lá tó múra bíi darandaran: ìyáàfin nínú aṣọ sílíkì, ọ̀pá ìdaran lọ́wọ́, rìbọ́ọ̀nù lọ́rùn àgùntàn. Ìgbẹ́ ẹran kankan kò sí nílẹ̀. Ẹni tí kò fọwọ́ kan iṣẹ́ rí ló ń fi iṣẹ́ ẹlòmíì ṣe ọ̀ṣọ́ ọwọ́.

Nígbà tó yá, ti inú àwòrán kò tó wọn mọ́. Lọ́dún 1783, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ abúlé kékeré kan fún Olorì nínú ọgbà ààfin, tòun ti màlúù àti adìẹ. Àgbẹ̀ gidi ló ń ṣe iṣẹ́ ibẹ̀ o! Lọ́dún yẹn kan náà, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Montgolfier fi bàlúùnù gbé àgùntàn, pẹ́pẹ́yẹ àti àkùkọ lọ sójú ọ̀run ní Versailles. Kò pẹ́ tí àwòrán bàlúùnù fi dé orí abẹ̀bẹ̀.

Àwọn ará London náà kò kẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1711, òǹkọ̀wé Joseph Addison fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìwé ìròyìn The Spectator: ó ṣe bí ẹni pé iléèwé kan wà tí wọ́n ti ń kọ́ obìnrin láti lo abẹ̀bẹ̀ bí ológun ṣe ń kọ́ ìbọn. Ẹ̀fẹ̀ ni, àmọ́ kò ní yà mí lẹ́nu bí àwọn kan bá béèrè owó iléèwé.

Nígbà tí ikú dé bá Olorì ní 1793, a ò gbọ́ pé abẹ̀bẹ̀ kankan bá a bẹ̀ ẹ́.

Ká má fi Faransé ṣẹ̀sín jù. Ẹ wo gbọ̀ngàn ìgbéyàwó l'Ékòó: ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ débi pé àwọn ìyá ń fi ìborùn bo èjìká, síbẹ̀ ìyàwó ń jó wọlé pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ oníyẹ́ àti ìlẹ̀kẹ̀. Ta wá ni ooru ń mú? Obìnrin tó ń fi páálí fẹ́ná ìdí ìkòkò ìrẹsì lẹ́yìn gbọ̀ngàn ni. Ayàfọ́tò ń pariwo nínú ilé: "Ìyàwó wa, ẹ gbé abẹ̀bẹ̀ yẹn sókè díẹ̀ sí i, kò tíì hàn!"