Adájọ́ Ọbẹ̀ Wọ Ilé Ìdáná

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi ṣe adájọ́ ọbẹ̀ nínú ilé mi láì fọwọ́ kan orógùn. Bí ìyàwó mi bá gbé oúnjẹ kalẹ̀, màá bu òkèlè kan, màá gbójú sókè wo àjà bí ẹni tó ń ka nǹkan níbẹ̀, màá wá ní, "Iyọ̀ ọbẹ̀ yìí kù díẹ̀." Lọ́jọ́ mìíràn, màá ní irú rẹ̀ kò ta, tàbí pé ata ti pa adùn ẹja. Kò sí ọbẹ̀ tó dé iwájú mi tí mi ò dá lẹ́bi. Kò sì sí èyí tí mi ò lá abọ́ rẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe dé iwájú nọ́ọ̀sì kan lọ́jọ́ kan. Ó de aṣọ mọ́ mi lápá, ó fẹ́ ẹ, ó wo ohun tó rí, ó tún un fẹ́. Ìgbà tó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kẹta ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti wà ńlẹ̀. Ìfúnpá mi ti gòkè. Dókítà, ọmọ tí àbúrò mi ìkẹyìn jù lọ́jọ́ orí, fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá mi sọ̀rọ̀: kí n dín epo kù, kí n máa jẹ ẹ̀wà, kí n sì ṣọ́ iyọ̀ bí ẹni ń ṣọ́ olè. Ó ní àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan. Pé ẹ̀fọ́ àti èso ní tiwọn kò gbọdọ̀ dín ní gíráàmù 400. "Oúnjẹ ilé tó rọrùn ni, sà," ló ní. "Kò le rárá."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọmọ wa obìnrin bímọ l'Ábẹ́òkúta, ìyá rẹ̀ sì ń palẹ̀ mọ́ láti lọ wẹ ọmọ. Ó fẹ́ se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sínú fíríjì dè mí. Mo kọ̀ jálẹ̀. Mo ní ṣé ẹ̀fọ́ lásán ni apá mi ò ní ká? Ó fi imú rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Olówó orí mi, ẹ máa rọra o." Mi ò mọ̀ pé àdúrà ló ń gbà fún mi.

Ewédú ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Lójú tèmi, kò sí ọbẹ̀ tó rọrùn tó o: ewé, omi, irú, ó parí. Mo lọ sí ọjà Bódìjà, ìyá tó ń tà á bi mí pé èló ni mo fẹ́ rà. Mo ní kí wọ́n wọn gíráàmù 400 fún mi. Ìyá wò mí, wọ́n wo ẹnìkejì wọn tó jókòó tì wọ́n, wọ́n ní, "Dádì, ìdì là ń tà níbí o." Mo ra ìdì mẹ́rin. Wọ́n tún bi mí pé ta ni yóò bá mi já a. Mo ní kí ló wà lára ewé tí wọ́n ń já?

Mo délé, mo rí ohun tí wọ́n ń já. Ewé ewédú kọ̀ọ̀kan lèèyàn máa ń já kúrò lára igi rẹ̀, kí igi má baà bá a wọ ìkòkò. Mo fi sùúrù já ìdì kìn-ín-ní. Nígbà tó di ìkejì, ẹ̀yìn ń ro mí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ju tewé tigi sínú omi, mo ní inú ikùn kan náà ni gbogbo wọn ń lọ.

Mo wá rántí pé ìyàwó mi máa ń fi kánún díẹ̀ sí i kó lè tètè rọ̀. "Díẹ̀" yẹn ló kó bá mi. Mo rí kánún nínú ike kan, ó rí bí òkúta tí wọ́n họ lára ògiri, mo mú èyí tó tó ẹyin adìyẹ, mo jù ú sínú omi tó ń hó. Ìkòkò dákẹ́ díẹ̀ bí ọmọ tó fẹ́ fi igbe ta. Lẹ́yìn náà ló ru. Ìfófòó aláwọ̀ ewé gbé ọmọrí sókè, ó dà sórí gáàsì, ó pa iná, ó ṣàn gba ara kọ́bọ́ọ̀dù wá sílẹ̀, ó ń wá ẹsẹ̀ mi bọ̀.

Mo nù ún, mo tún iná dá. Ó wá ku ìjábẹ̀. Mo wá ìjábẹ̀ títí, mi ò rí i. (Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná ni ìyàwó mi fi kọ́, lórí ìṣó tó ti wà láti ọdún tí a kó wọ ilé náà.) Ìgbálẹ̀ tuntun kan wà nílẹ̀ tí a ò tíì fi gbálẹ̀. Mo fa ẹ̀kúnwọ́ kan yọ nínú rẹ̀, mo fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, mo kì í bọ inú ewédú. Mi ò so ó. Ẹni tó bá ti di ìjábẹ̀ mú rí mọ̀ pé wọ́n máa ń so ó pinpin ni, kí ọwọ̀ rẹ̀ má baà yọ. Èmi ń já ewédú tèmi, inú mi ń dùn bí mo ṣe ń rí i tó ń yọ̀.

Ìgbà tí mo jókòó ti àmàlà ni mo mọ ibi tí ìgbálẹ̀ wọ̀ sí. Pẹ̀lú òkèlè kìn-ín-ní, mo fa ọwọ̀ mẹ́ta yọ lẹ́nu bí eegun ẹja. Pẹ̀lú ìkejì, márùn-ún. Mo tò wọ́n sí etí abọ́. Ní ti adùn rẹ̀, ọṣẹ ni, ọṣẹ tí wọ́n fi irú sí. Àmàlà náà, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ púpọ̀. Kókó inú rẹ̀ tó èyí tí ọ̀rẹ́ méjì lè fi ta ayò.

Ìyàwó mi pè nírọ̀lẹ́. Mo ní ewédú dára, pé ó kàn fẹ́ korò díẹ̀ ni.

"Kánún tó mélòó lẹ fi sí i?"

"Díẹ̀ ni. Bí ẹyin."

Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ ẹkún ọmọ tuntun lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹyin adìyẹ?" ló wá bi mí. Ó ní èkánná ìka ọwọ́ ni wọ́n fi ń wọn kánún, àti pé ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ga, kó tilẹ̀ gbàgbé rẹ̀ pátápátá, kó sè é pẹ́ díẹ̀ sí i. Sódíọ̀mù tó wà nínú iyọ̀ tí dókítà ń bá mi jà lé lórí, ó wà nínú kánún náà. Mo ní ọ̀rọ̀ iyọ̀ kò kàn mí, nítorí àràárọ̀ ni mò ń wọn ṣíbí tíì kan sínú ìdérí ìgò, òun ni mo ń lò títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ó ní kí wá ló ń mú ọbẹ̀ mi dùn? Mo ní máàgì mẹ́ta péré ni mo fi sí i.

Ẹ̀rín tí obìnrin náà rín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já ọmọ tuntun bọ́. Ó ní, "Kí lẹ rò pé wọ́n fi ṣe máàgì?" Mo lọ gbé páálí rẹ̀, mo wọ jígí, mo kà á. Ohun tó ṣáájú nínú àwọn èròjà tí wọ́n kọ síbẹ̀, iyọ̀ ni. Mo mú òmíràn, ti ilé-iṣẹ́ mìíràn. Iyọ̀. Ìdérí ìgò tí mo ń ṣọ́ láàárọ̀ dà bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn iwájú pa, tó wá ṣí ti ẹ̀yìn sílẹ̀ gbayawu.

Ó yẹ kí n ti gbọ́n. Mo ní mọ́ínmọ́ín ni yóò gbè mí. Ẹ̀wà ni, a kì í dín in bí àkàrà, ooru omi ló ń sè é, òróró tó bá wu èèyàn ló máa bù sí i. Kóńgò ẹ̀wà méjì ni mo rẹ. Fún èmi nìkan. Mo dà á sínú ike, ó kún dé ẹnu, mo bu omi lé e, mo dé e, mo lọ sùn. Láàárọ̀, ọmọrí wà nílẹ̀, ẹ̀wà ti wú kọjá ẹnu ike, díẹ̀ nínú rẹ̀ ti rìn dé ẹsẹ̀ fíríjì.

Mo jókòó láti bó o. Lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń fi èkánná ṣí i bí ẹ̀pà, mo ń jù ú sínú abọ́. Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án, èyí tí mo ti bó kò tíì kún ife. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan nínú àgbàlá wa wọlé wá kí mi, ó kúnlẹ̀, ó wo abọ́ mi, ó bo ẹnu rẹ̀. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín bó o." Ó fi ọwọ́ méjèèjì ra ẹ̀wà pọ̀ nínú omi bí ẹni ń fọ aṣọ, èèpo rẹ̀ léfòó, ó rọra da omi náà sínú ajọ̀, ẹ̀wà funfun jókòó sísàlẹ̀. Ó bu omi míì. Kò tó wákàtí kan, ó ti parí. Kó tó dé, mo ti da èèpo tèmi sínú sínǹkì, ó sì ti dí. Káfíńtà ni mo kọ́kọ́ pè kí wọ́n tó sọ fún mi pé púlọ́ńbà ló ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo da ẹ̀wà sínú bùlẹ́ńdà, iná lọ. Mo gbé e, ó di ọ̀dọ̀ ìyá tó ń lọ ata lójú títì. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí n fọ ẹ̀rọ ná, ata rodo oníbúkà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ tán." Mo wo aago. Mo ní kí wọ́n má wulẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu, mo kúkú fẹ́ fi ata sí i. Ìyá ní, "Hùn-ún." Ẹ̀wà mi tó funfun nini jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, ó pọ́n bí ojú ẹni tó ń bínú.

Ewé eéran ni mo fi pọ́n ọn. Ẹ má bi mí bí mo ṣe pọ́n ọn. Ó yẹ kí ewé ká bí àrọ, kí ìdí rẹ̀ ṣẹ́ sẹ́yìn, kí mọ́ínmọ́ín jókòó sínú rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Tèmi ń jò láti ìdí, láti ẹ̀gbẹ́, láti ibi tí mi ò mọ̀ pé ewé ní. Mi ò tún fi igi ewé tẹ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò, omi sì bo gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo ṣí i, ewé òfìfo ló léfòó sórí ohun kan tó dà bí ògì pupa. Mo bù ú fún àwọn ọmọ àgbàlá, kí ohun tó pọ̀ tó yẹn má baà ṣòfò. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n tọ́ ọ wò, gbogbo wọn sáré lọ sídìí tánkì. Omi ilé wa tán kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ti ewúro kò gba àlàyé. Onílé wa já a fún mi lẹ́yìnkùlé, wọ́n ní kí n fọ̀ ọ́ dáadáa. Mo fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní fífún ni wọ́n ń fún un, kí èèyàn máa pààrọ̀ omi títí ìfófòó rẹ̀ yóò fi tán. Àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì láti ṣọ́ọ̀ṣì ló jẹ ẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ní kí a gbàdúrà kó tó lọ, ó sì gbà á pẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo tó gbọ́ràn. Mo gbé fóònù sí etí fèrèsé, ìyàwó mi ń pàṣẹ láti Abẹ́òkúta, èmi ń ṣe é. Tẹ̀tẹ̀ ìdì méjì, ṣọkọ ìdì kan. Kí n fọ̀ ọ́ kí n tó gé e, kì í ṣe lẹ́yìn tí mo bá gé e. Kí n da omi gbígbóná lé e, kí n kà dé ogún, kí n sẹ́ ẹ, kí n fún un. Tàtàṣé mẹ́ta, rodo kan ṣoṣo, àlùbọ́sà. Kí n má jẹ́ kó kúnná. Epo ṣíbí ọbẹ̀ méjì. "Méjì, ẹ má ṣe da ìgò lé e!" Nígbà tí àlùbọ́sà bọ́ sínú epo, ó dún ṣàà, òórùn rẹ̀ gbòde, fún ìgbà àkọ́kọ́, ilé ìdáná mi ní òórùn ilé tí èèyàn ń gbé. Ata tẹ̀lé e, ó dín títí omi rẹ̀ fi fà. Ẹja gbígbẹ tí mo ti yọ eegun rẹ̀. Irú wóró ẹ̀kúnwọ́ kan, òun ló gba ipò máàgì, kò sì bẹ máàgì pé kó wá ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀fọ́ ló wọlé kẹ́yìn. Mo rò ó lẹ́ẹ̀mẹta, ìyàwó mi ní kí n pa iná. Mo ní kò tíì jinná. Ó ní, "Ẹ pa iná, Dádì." Mo pa á. Ewé náà ṣì tutù yọ̀yọ̀ láàárín ata pupa. Mo fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà sísè jẹ ẹ́, mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí mo fi tán an.

Ọbẹ̀ kan náà ni mo sè ní gbogbo ọjọ́ tó kù. Mi ò mọ òmíràn.

Lọ́jọ́ tí ìyàwó mi dé, mo ti gbé e kalẹ̀ kó tó bọ́ gèlè lórí. Orí àga mi ló jókòó sí. Ó bu díẹ̀, ó fi sẹ́nu, ó gbójú sókè, ó wo àjà ilé pẹ́ títí.

"Iyọ̀ ọbẹ̀ yìí kù díẹ̀."

Ó nawọ́ síbi tí agolo iyọ̀ máa ń wà. Kò sí níbẹ̀. Inú àpò agbádá mi kan ni mo tọ́jú rẹ̀ sí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mi ò sì sọ fún un. Mo wọ ilé ìdáná lọ bí ẹni tó ń wá a. Nígbà tí mo yọjú láti ẹnu ilẹ̀kùn, ó ti gbé abọ́ sókè, ó ń fi ìka lá a.