Pro Wuye Nínú Sáà Ìdíje

Nínú gbogbo ẹni tí Àbújá ń bọ́, bóyá ni a rí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ṣòro láti ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ nílé bí ẹni tí a ó máa pè ní Pro Wuye. Pro ni ẹni tí ó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun, tí ó yàtọ̀ sí ọ̀gá tí ń ná owó ara rẹ̀ láti gbá a fún ìgbádùn. Wuye sì ni àdúgbò tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Utako, tí kò jìnnà púpọ̀ sí pápá IBB ní Maitama, níbi tí Pro ti lè háyà BQ, ìyẹn yàrá kékeré ẹ̀yìn ilé onílé, kí ó sì máa sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé ìtòsí Maitama níbẹ̀ ni òun ń gbé.

Ọ̀nà kádì ni ọ̀pọ̀ akọṣẹ́mọṣẹ́ gọ́ọ̀fù ilẹ̀ Nàìjíríà gbà wọlé, kádì sì ni ọmọ tí ń gbé àpò igi tẹ̀lé olówó yí ihò 18 ká, tí ń ka iye ìgbà tí olówó lu bọ́ọ̀lù, tí ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun ṣì í kà. Ilé ẹ̀kọ́ yìí ni Pro Wuye ti jáde, ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé kí ó tó mọ bí a ṣe ń lu bọ́ọ̀lù, ó ti mọ bí a ṣe ń fi ẹsẹ̀ wá a nínú igbó, kí a sì "rí" i síbi tí inú ọ̀gá yóò dùn sí.

Ohun tí ó ń pè ní Tour, tí ó sì ń pè pẹ̀lú ẹ̀kún ẹnu bí ẹni ń dárúkọ oyè, ni ọ̀wọ́ ìdíje tí ń lọ láti pápá kan sí òmíràn láàárín ọdún. Ó ní ìpele: ní Amẹ́ríkà, PGA Tour ni ó wà lókè, Korn Ferry Tour ni ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, láti ibẹ̀ ni àwọn tí ó bá mọ̀ ọ́n gbá ti ń gòkè, Gúúsù Áfíríkà ní Sunshine Tour, ní tiwa, àwọn ìdíje PGA ti Nàìjíríà ni Pro Wuye ń lé kiri. Lẹ́yìn ọjọ́ kejì ìdíje ọlọ́jọ́ mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń fa ìlà tí a ń pè ní káàtì: ẹni tí iye lílù rẹ̀ kò bá kọjá ìlà yóò gbá ọjọ́ kẹta àti ìkẹrin, yóò sì gba owó, ẹni tí ó bá já, ì báà ṣe lílù kan ṣoṣo ni ó fi já, yóò san ti hòtẹ́ẹ̀lì, yóò san ti kádì, yóò sì máa lọ sílé. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó bá gbọ́ èyí kì í gbà á gbọ́, nítorí kò sí iléeṣẹ́ ìjọba kan ní Àbújá tí wọ́n ti ń yọ orúkọ ẹni kúrò nínú owó oṣù nítorí pé kò ṣiṣẹ́ dáadáa ní ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Pro Wuye kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kékeré wo gọ́ọ̀fù ilẹ̀ yìí, ó sì ní ẹ̀rí. Ìdíje Nigerian Open ni Sandy Lyle ti kọ́kọ́ borí gẹ́gẹ́ bí akọṣẹ́mọṣẹ́ ní 1978, kí ó tó lọ gba The Open ní 1985 àti Masters ní 1988. Ní ìdíje yìí kan náà, ní Ìkòyí, ní 1981, Peter Tupling lu bọ́ọ̀lù ní ìgbà 255 péré yí ihò 72 ká. Orí bráwùn, ìyẹn ilẹ̀ iyanrìn tí a fi epo pò kí ó lè dì, ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù wọ ihò nígbà náà, kì í ṣe orí koríko. Wọn kò tíì bí Pro Wuye, síbẹ̀ ó ń sọ̀rọ̀ bráwùn bí ẹni tí ó bá wọn da epo sí i, bọ́ọ̀lù rẹ̀ kì í sì í kọ ihò sílẹ̀ kí ó má rántí bráwùn: koríko ni ó fà á, orí bráwùn ì bá ti wọlé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe Tour ni ń san owó ilé ní Wuye. Àwọn ọ̀gá ni: ọ̀gágun tí ó ti fẹ̀yìn tì, agbaṣẹ́ṣe, sẹ́nétọ̀ tí kò wọlé mọ́. Kíkọ́ wọn ní èdè tirẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù ọ̀gá bá wọ igbó, "Atẹ́gùn ló gbé e, sà", bí ó bá wọ omi, "Agbára yín ló pọ̀ jù, sà", bí ó bá sì dúró ní ìwọ̀n apá kan sí ihò, Pro yóò ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbé e: "Ó ti wọlé, sà." Gímì ni wọ́n ń pe oore yìí, kí ẹlẹgbẹ́ ẹni fún ni ní lílù kékeré tí ó kù láìjẹ́ pé a lù ú. Bí ipò ọ̀gá bá ṣe ń ga ni gímì rẹ̀ ṣe ń gùn, ti mínísítà tí ó ṣì wà lórí àga sì lè gùn débi tí ènìyàn yóò fi rìn kí ó tó bá bọ́ọ̀lù náà. Pro fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbá a dáadáa jù. Ó ní láti jẹ́ kí ìdíje náà le, kí ó sì pàdánù ní ihò kẹtàdínlógún tàbí ìkejìdínlógún, kì í ṣe ṣáájú, nítorí ọ̀gá a máa fura. Oṣù kan gbáko lè kọjá tí kò ní rí bọ́ọ̀lù kan tí a jẹ́ kí ó fúnra rẹ̀ wọ ihò.

Bí ọ̀sẹ̀ Tour bá pé, Pro a sọ fún àwọn ọ̀gá pé òun ń fò lọ; ìdájí ni a ó rí i ní ibùdókọ̀ Utako, tí ó ń bá kọndọ́kítọ̀ jiyàn, nítorí àpò igi 14, iye tí òfin gọ́ọ̀fù kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá, ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, kọndọ́kítọ̀ sì ní kí ó sanwó ìjókòó rẹ̀. Orúkọ iléeṣẹ́ kún ara ẹ̀wù rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó fún un ju ẹ̀wù náà lọ. Ọjọ́ kìíní a dára. Ní ọjọ́ kejì, ní ihò ìkẹyìn, bọ́ọ̀lù yóò ku ìwọ̀n apá kan, ẹnikẹ́ni kò sì ní bẹ̀rẹ̀ gbé e. Pro yóò wo ọ̀tún, yóò wo òsì. Bọ́ọ̀lù yóò yí ẹnu ihò ká, yóò sì jáde. Lílù kan ni ó fi já.

Kí bọ́ọ̀sì tó dé Lọ́kọ́ja, ìròyìn náà ti ní àtúnṣe: kò já, ìlà ni wọ́n sún. Bí a bá ṣírò sáà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, owó tí Tour san fún un kò tó èyí tí ó fi wọkọ̀ lọ, ṣùgbọ́n káàdì tí ó kọ "Tour Professional" sí ni kì í jẹ́ kí owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá ti Pro tí ó jókòó sílé dọ́gba, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ tún lọ. Nígbà tí ó bá tọ́rọ owó ìforúkọsílẹ̀ ọdún tuntun, ọ̀gá a rẹ́rìn-ín: "Pro, jẹ́ ká gbá a ní Sátidé. Bí o bá borí mi, màá san án." Pro yóò pàdánù ní ihò kejìdínlógún, inú ọ̀gá yóò dùn, yóò sì san án ní ìlọ́po méjì.