Jíìpù Kékeré, Owó Ńlá
Ẹni tó bá ra RAV4 tòkunbọ̀ kò ní sọ fún yín pé ìpìlẹ̀ Corolla àti Carina ni Toyota gbé e lé nígbà tó jáde ní 1994. Jíìpù ló rà. Ẹ bi í léèrè epo, á ní kì í mu ún rárá. Ẹ wá wo ojú ìyàwó rẹ̀. Jíìpù náà ga lóòótọ́, kòtò títì kì í fi bẹ́ẹ̀ bà á lẹ́rù. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èyí tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà iwájú nìkan, ẹrẹ̀ ò mọ jíìpù. Mẹkáníìkì ló mọ̀ ọ́n: iye tó ń gbà lọ́wọ́ oní-Corolla kọ́ ni yóò pè fún "Alága." Ẹbí náà ti gbọ́. Ènìyàn mẹ́jọ ló ti múra òde Ìjẹ̀bú, kúlà ìrẹsì sì ti wà nínú bùútù.