Ọ̀gá Ọlọ́pàá Màmá

Ẹ mọ̀ ọ́n. Bí ẹ kò bá mọ ojú rẹ̀, ẹ ó mọ jíìpù rẹ̀. Òun ló máa ń wà ní ààyè tó súnmọ́ ẹnu ọ̀nà jù lọ ní àwọn ilé ìtajà ńlá Ìkẹjà, níwájú báńkì ní Allen, nínú ọgbà ilé ìjẹun ní Ọ̀pẹ̀bí, gẹ́lẹ́ lórí àwòrán kẹ̀kẹ́ arọ tí wọ́n fi ọ̀dà kùn sílẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin tó ń darí mọ́tò ti fún un lórúkọ: Ọ̀gá Ọlọ́pàá. Kò wọṣẹ́ ọlọ́pàá rí, kò gbé ìbọn rí. Ọ̀pá ìtilẹ̀ màmá rẹ̀ ló ń gbé kiri.

Orí dáṣíbọ́ọ̀dù ni ọ̀pá náà ń gbé. Igi dúdú ni, wọ́n gbẹ́ orí rẹ̀ bí orí ẹyẹ, rọ́bà ìdí rẹ̀ sì ti jẹ lápá kan, apá ibi tí Màmá máa ń fara tì sí jù. Bí Ọ̀gá Ọlọ́pàá bá ti pa iná mọ́tò, á yí orí ẹyẹ náà síta dáadáa, kí síkíọ́rítì má bàa rò pé igi lásán ni. Ẹ̀yìn ìyẹn ló máa wá bẹ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, á bẹ́ ni. Ẹni tó bá rí bó ṣe ń fo gọ́tà á mọ̀ pé Elédùmarè kò fi orúnkún dù ú.

Síkíọ́rítì tuntun nìkan ló máa ń bá a sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú, sà. Àwọn àkàndá ẹ̀dá ló ni ibí yìí."

"Ṣé o ò rí ọ̀pá ni? Ìyá mi ni mò ń tọ́jú."

"Màmá wà nínú mọ́tò, sà?"

"Wọ́n ń bọ̀."

Láti ọdún Iléyá èṣí ni Màmá ti ń bọ̀. Àmọ́ owó omi tútù ti kọjá láti ọwọ́ sí ọwọ́, síkíọ́rítì sì ti sún kóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ọ̀gá, a dúpẹ́ o! Ẹ bá wa kí Màmá!"

Ọ̀pá nìkan kọ́ ni ẹ̀rí tó ní. Sítíkà àwọn lọ́yà wà lára gíláàsì iwájú rẹ̀, àna rẹ̀ ló fún un. Ti àwọn dókítà wà níbẹ̀, ẹ má bi mí bó ṣe débẹ̀. Èyí tó jẹ́ búlúù tó ní àwòrán kẹ̀kẹ́ funfun, Ṣómólú ló ti lọ tẹ̀ ẹ́; ó sì tẹ̀ ẹ́ lé, torí ìyàwó rẹ̀ náà ń wa mọ́tò. Ọba gbogbo wọn ni Blue Badge tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin mú bọ̀ láti Peckham. Láti 1971 ni irú báàjì yẹn ti wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọ̀ ọsàn ló ní nígbà náà, ọdún 2000 ni wọ́n sọ ọ́ di búlúù. Ẹni tí ara rẹ̀ kò dá ni wọ́n ń fún, wọn kì í fún mọ́tò. Ọmọ olówó rẹ̀ lè wà á, alágbàtọ́ lè wà á, awakọ̀ takisí lè wà á, kò sẹ́ni tó máa yẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ wò. Àmọ́ bí olówó rẹ̀ kò bá sí nínú ìrìn àjò yẹn, tí kì í ṣe òun ni wọ́n lọ gbé, páálí lásán ni báàjì náà. Òṣìṣẹ́ káńsù lè ní kí awakọ̀ mú un wá kí òun wo fọ́tò tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì lè gbà á. Ẹni tí ilé ẹjọ́ bá dá lẹ́bi pé ó ṣì í lò lè san ìtanràn tó tó 1,000 pọ́n-ún. Fọ́tò tó wà lẹ́yìn ti Ọ̀gá Ọlọ́pàá jẹ́ ti bàbá òyìnbó kan tó ní irùngbọ̀n. Ọjọ́ tí wọ́n bá yí i wò ní Ìkẹjà, á ní mọ̀lẹ́bí Màmá ni.

Ẹ má rò pé kò mọ òfin o. Ó mọ̀ ọ́n ju lọ́yà tó ni sítíkà rẹ̀ lọ. Ó mọ̀ pé ìjọba Èkó ṣòfin lórí ọ̀rọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá ní 2011, tó sì dá ilé iṣẹ́ LASODA sílẹ̀ láti máa rí sí ọ̀rọ̀ wọn. Ó mọ̀ pé Ààrẹ Buhari buwọ́ lu ti ìjọba àpapọ̀ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2019, òfin tó ní kí wọ́n sàmì sí ààyè fún wọn níbi páàkì gbogbogbò, kí àmì sì wà lára mọ́tò tó máa lò ó. Ẹni tó ni ibi páàkì tí kò ya ààyè sọ́tọ̀ á san 1,000 náírà lóòjọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ pé tó lọ gúnlẹ̀ síbẹ̀ láìní ìdí tó mọ́gbọ́n wá á san 5,000 náírà. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti máa ń pa Ọ̀gá Ọlọ́pàá. "5,000 náírà? Ẹja tútù tí mo jẹ lánàá jù bẹ́ẹ̀ lọ!" Ní ti ìdí tó mọ́gbọ́n wá, ó ní i lóríṣiríṣi: oògùn Màmá, èsì àyẹ̀wò Màmá, ẹ̀wà tí Màmá ní ó ń wu òun.

Kò burú ká sọ ìdí tí ààyè náà fi fẹ̀. Mítà 1.2 ni ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n fi kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ilẹ̀kùn lè ṣí gbayawu, kí kẹ̀kẹ́ sì lè wọ àárín ìjókòó àti mọ́tò kejì. Mo rí ìyá kan lọ́sàn-án Sátidé kan tó gbé àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wá. Ẹ̀rọ ló gba ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ní ilé iṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Ọba Akran. Orí ẹyẹ Màmá ti wà níbi tó yẹ kí wọ́n gúnlẹ̀ sí. Ààyè tó kù lẹ́yìn pátápátá há débi pé ilẹ̀kùn kò lè ṣí ju ìbú ọwọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń ti orí ìjókòó bọ́ sórí kẹ̀kẹ́ kò lè fi ẹ̀gbẹ́ yọ́ jáde. Ó di dandan kí ìyá náà dá mọ́tò dúró láàárín ọ̀nà, kó tú kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ nínú oòrùn, kó gbé àbúrò rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, kí gbogbo mọ́tò tó wà lẹ́yìn máa fun fèrè bí ẹni pé ó ń ṣeré. Síkíọ́rítì náà pariwo mọ́ ọn pé, "Madam, ẹ ń dí ọ̀nà!"

Síkíọ́rítì kan náà ló dá ọmọbìnrin kan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS padà níbi ààyè náà lẹ́yìn náà, ẹni tí egungun ìbàdí rẹ̀ ti bàjẹ́, nítorí pé ó wọ bàtà tó dára, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì pé. Kò ní ọ̀pá tó lórí ẹyẹ.

Màmá fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó wà ní Agége, nínú yàrá kan lójú ọ̀nà Ìpájà. Láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti gba ọwọ́ àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, ara ògiri ló ń dì mú lọ sí ilé ìtọ̀, torí ọ̀pá rẹ̀ ti lọ sí Ọ̀pẹ̀bí. Ọ̀dà ògiri náà funfun lókè, ó funfun nísàlẹ̀, àmọ́ ó ti dúdú mìnìjọ̀ ní gbogbo ibi tí àtẹ́lẹwọ́ Màmá ń gbà. Bí wọ́n bá bi í léèrè ọ̀pá, á ní, "Ọmọ mi ń bá mi lò ó."

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń na ẹsẹ̀ fún un ní ọsibítù. Ọ̀gá Ọlọ́pàá kì í ráyè ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ mítíìnì ni. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ló ń gbé Màmá lọ. Ọmọkùnrin tó ń wà á kò ní sítíkà, kò ní báàjì, kò sì mọ̀ pé òun gan-an ni awakọ̀ tí òfin ní lọ́kàn. Bó bá dé ẹnu géètì, wọ́n á ní Màrúwá kò gbọ́dọ̀ wọlé. Á pa á síta, á na èjìká, Màmá á sì dì í mú gba inú ọgbà lọ, ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààyè tí wọ́n kun kẹ̀kẹ́ sí. Jíìpù ẹlòmíràn wà lórí rẹ̀. Dókítà kọ́ ló ni í, aláìsàn kọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ni ibi páàkì, ẹ kọ́ síkíọ́rítì yín pé inú mọ́tò ni kí wọ́n máa wò, kí wọ́n yé wo gíláàsì. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé òbí tàbí ọmọ yín kiri lóòótọ́, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín láti gba ààyè náà, tiyín ni. Bí ẹ bá sì pàdé Ọ̀gá Ọlọ́pàá lẹ́nu ọ̀nà, tó ń ti jíìpù rẹ̀, ẹ má bá a jà. Ẹ kí i bí ọmọlúwàbí, lójú gbogbo èèyàn, kí ohùn yín sì ròkè díẹ̀: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Màmá dà?"