Ọkọ Mẹ́fà Ìyá Àgbà

Ìwé kan tí mo kà nípa ìdílé Gẹ̀ẹ́sì tó ṣí lọ sí Virginia láyé àtijọ́ ló kó bá mi. Ẹni tó kọ ọ́ ka baba ńlá rẹ̀ sẹ́yìn láti Amẹ́ríkà títí ó fi dé abúlé kan ní England, torí pé láti 1538, nígbà ayé Ọba Henry Kẹjọ, ni wọ́n ti pàṣẹ kí ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan máa kọ orúkọ ẹni tó ṣèrìbọmi, ẹni tó gbéyàwó àti ẹni tí wọ́n sin. Mo ní kí ló dé tí èmi ọmọ Efire ò ní ṣe tèmi?

Mo gba Yunifásítì Ìbàdàn lọ, níbi tí ìjọba ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí. Mo tú àwọn fáìlì Ìjẹ̀bú ayé òyìnbó, àwọn tí wọ́n kọ Ije Prof sí lára. Orúkọ ìdílé wa ni mò ń wá, mo sì rí i! Ẹnì kan tó ń jẹ́ ẹ ti kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Gbogbo ọ̀rẹ́ mi l'Ékòó ló gbọ́ pé ajàfẹ́tọ̀ọ́ ni baba ńlá mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló tú mi fó: "Orúkọ tí o ń jẹ́ yẹn, orúkọ àbísọ bàbá wa ni. Tíṣà ló fi kún tèmi lọ́jọ́ tí mo wọ iléèwé. Kí tíṣà tó dé, ta ló ń jẹ́ ẹ nílé wa?" Áà! Bàbá oníbàbá ni mo ti ń fi yangàn.

Mo bá wọkọ̀, ó di Ìjẹ̀bú-Òde, ó di Abígí, ó di ilé. Mo gbé ṣìnáapù síwájú bàbá arúgbó kan.

"Bàbá, ṣé kí ogun Ìmàgbọn tó jà ni wọ́n bí bàbá wa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀: ṣáájú 1892. Nígbà tó ṣe, mo tún ní: "Àbí ọdún lúkúlúkú ni?"

"Òun gan-an ni."

1918 tí àjàkálẹ̀ àrùn jà nìyẹn! Bàbá ò purọ́ o. Wọn ò kàn fẹ́ já àlejò tó gbé ọtí wá kulẹ̀ ni. Ó jọ ohun tó ṣe Alex Haley, ẹni tó kọ Roots. Ní 1967 ó lọ sí Juffure ní Gáḿbíà, ohun tó ń wá hàn lójú rẹ̀ kedere, arọ́kìn sì kó Kunta Kinte fún un gẹ́gẹ́ bí baba ńlá rẹ̀ tí wọ́n kó lẹ́rú. Ìwé àwọn Waller, ìdílé Gẹ̀ẹ́sì ní Virginia, ló tú u lẹ́yìn náà: ẹrú wọn tó ń jẹ́ Toby, tí Haley ní òun ni Kunta, ti wà lọ́wọ́ wọn ní 1762, bẹ́ẹ̀ 1767 ni ọkọ̀ òkun tó ní ó gbé e wá gúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n Haley gba ẹ̀bùn Pulitzer ní tiẹ̀. Owó ṣìnáapù ni èmi pàdánù.

Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Ìyá Àgbà, ìyàwó ìkẹyìn bàbá bàbá mi, ka àwọn ará ilé sínú fóònù mi: "Lágbájá, ọkọ mi ni. Tàmẹ̀dò, ọkọ mi ni." Mo fi ohùn wọn ránṣẹ́ sí ọmọ àbúrò mi ní Houston, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, pé kó bá mi tò ó sórí kọ̀ǹpútà. Ó tò ó bó ṣe gbọ́ ọ. Èmi náà ò yẹ̀ ẹ́ wò, mo gbé e fún atẹ̀wé, ó di bánà gbàǹgbà, a sì gbé e kọ́ lọ́jọ́ ìpàdé ẹbí. Ìyá Àgbà wà láàárín, ọkọ mẹ́fà yí wọn ká: bàbá bàbá mi, àwọn àbúrò wọn ọkùnrin mẹ́ta, àti obìnrin méjì tó wé gèlè.

Pásítọ̀ ẹbí wa ní ká já a lulẹ̀ kíá. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n ka nǹkan tó wà níbẹ̀ fún àwọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Mẹ́fà kẹ̀? Ẹ ò tíì kà wọ́n tán!"

Ni àwọn ìyá bá jókòó sábẹ́ bánà, ẹnì kan ń ki oríkì, èkejì ń tọ́ ọ sọ́nà, èmi ń fi báírò fagi lé, mo ń tún un kọ. Lọ́tẹ̀ yìí n ò la ẹnu rárá. Ìran karùn-ún la bá a dé, orúkọ ọkùnrin kan tó fi ọkọ̀ ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ ná ọjà. Bí ẹnikẹ́ni bá wà l'Efire, l'Abígí tàbí ní Ìjẹ̀bú-Igbó tó ti gbọ́ nípa rẹ̀ lẹ́nu ìyá tirẹ̀, kó jọ̀ọ́ yà sílé wa kó wá sọ ọ́. N ò ní bi í ní ìbéèrè kankan.